LÁPTỌ́Ọ̀PÙ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́: ṢÉ KÍ A RÀ Á NÍSISÌNYÍ NI, TÀBÍ KÍ A DÚRÓ?

 

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé etí àwa olùkọ́ ní ìparí sáà ẹ̀kọ́. Àwọn òbí a wá, wọn a ní: "Alfa, ọmọ yìí ní òun fẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ṣé kí a rà á fún un nísisìnyí ni, tàbí kí a ṣì ní sùúrù?" Ẹni tí ó ń béèrè lè jẹ́ ìyá tí ó ń ta ẹja ní ọjà Ajah, ó lè jẹ́ bàbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Badore, tàbí èyí tí ó ń wa ọkọ̀ láti Sangotedo dé CMS. Owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á kì í ṣe owó tí ó wà nílẹ̀ tí kò níṣẹ́. Owó àjọ ni, tàbí owó ilé tí onílé máa tó wá gbà, tàbí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ mìíràn. Bí wọ́n bá ṣi ìpinnu yìí ṣe, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa yìí.

Èsì wa ní kúkúrú ni pé iye owó ọjà kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù yóò ṣe bá ti wà nílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò wálẹ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá sì tíì dé, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Àlàyé tí ó kù jẹ́ lórí ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀, àti bí òbí yóò ṣe mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti dé tàbí kò tíì dé.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN TÍ Ó Ń SỌ PÉ KÍ A DÚRÓ

Àwọn tí ó ń gbà wá níyànjú pé kí a dúró ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọdún 1965, Gordon Moore, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ ní ọdún 1968, ṣàkíyèsí pé iye àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n ń kó sínú ọpọlọ ẹ̀rọ kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975, ó tún un ṣe pé ọdún méjì-méjì ni. Ohun tí èyí bí ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fi iye owó kan náà ra kọ̀ǹpútà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò rí èyí tí ó yára jù gbà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ó bá dúró ni ó jèrè.

Ṣùgbọ́n ìdúró yìí kò ní òpin. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, Adam Osborne. Ní ọdún 1981, ó gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí ènìyàn lè gbé rìn. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò mọ́kànlá, 1,795 dọ́là sì ni iye rẹ̀. Ọjà rẹ̀ tà gan-an. Nígbà tí ó di ọdún 1983, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe òmíràn tí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà bá dáwọ́ ọjà dúró, wọ́n ní àwọn ń retí tuntun. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà ti lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun ti wọ gbèsè. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ó dá kún ìṣubú náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ti wà láyé ni èyí tí ó dára jù ú lọ ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó bá ń retí èyí tí kò ní sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rà títí ayé.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra láptọ́ọ̀pù wọlé, náírà ni àwa fi ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń pọ́ọ́kú sí i lókè òkun, ó lè máa wọ́n sí i ní Ajah. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣírò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦465 ní báńkì, ó sì tó nǹkan bí ₦750 ní ọjà òde. Nínú oṣù náà ni Báńkì Àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Nígbà tí ó fi di ìparí oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ẹ mú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń ta ní 300 dọ́là. Bí a bá fi ti ọjà òde ṣírò rẹ̀, ₦225,000 ni ní àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó di ₦450,000, láìtíì fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò kún un. Ẹ̀rọ kan náà ni o, kò sì tuntun sí i. Òbí tí ó dúró ní ọdún náà kí ó lè pọ́ọ́kú fi ìlọ́po méjì san án.

Ní ọdún 2025, náírà fìdí balẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí ọdún náà, nǹkan mìíràn tún yọjú láti òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ń darí ọjà wọn sí àwọn ilé ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ AI. Owó RAM fò sókè káàkiri àgbáyé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Micron ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú títa Crucial, ìyẹn RAM tí àwọn ènìyàn lásán ń rà fún kọ̀ǹpútà wọn. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé "owó rẹ̀ yóò wálẹ̀" kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN TÍ Ó Ń SỌ PÉ KÍ A TÈTÈ RÀ

Bí a bá gbọ́ gbogbo èyí, ẹnì kan lè sọ pé: "Ó dára, ẹ jẹ́ kí á sáré rà á kí ó tó tún wọ́n sí i." Èyí náà ní àléébù tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ilẹ̀ Lekki. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní Sangotedo tí ó sì fi sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá lè padà wá bá èrè níbẹ̀. Ẹni tí ó ra láptọ́ọ̀pù tí ó sì tì í mọ́ inú àpótí fún ọdún méjì yóò bá a pé ó ti dín kù. Bátìrì rẹ̀ ń darúgbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Bí àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ bá wà lórí rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ á ti tán. Ètò tí ó ń darí rẹ̀ náà ń gbó.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ó ń dí ojú ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé kì í wá síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Windows 11, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ni ó rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ Microsoft kò fi àṣẹ sí i fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2017. Ẹni tí ó sáré ra irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn fún ọmọ tí kò níṣẹ́ tí yóò fi ṣe ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tí ó dára jù ṣòfò.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń dúró nítorí owó àti ẹni tí ó ń sáré nítorí owó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọjà ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ọmọ. Ní ilé-kéwú wa, a kì í gbé tafsīr Jalālayn fún ọmọ tí ó ṣì wà ní álífù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni a rí ìwé náà. Wálàá ni a ń fún un. Nígbà tí ó bá sì tó àsìkò Jalālayn, a kì í sọ pé kí ó dúró di ìgbà tí wọn yóò tẹ òmíràn tí ó lẹ́wà jù.

KÍ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Ní ọdún 2013, nígbà tí Rauf Aregbesola jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe ẹ̀rọ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì pè é ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ra ẹ̀rọ lásán tí wọ́n pín in. Wọ́n kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sí i pẹ̀lú. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rò, wọ́n tó wá ẹ̀rọ tí yóò gbé e. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òbí kọ̀ọ̀kan fi wo ọmọ tirẹ̀. A ti pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkínní, ọmọ tí ó ń múra fún ìdánwò JAMB. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yìí, ọmọ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà, ó sì di ti gbogbo ènìyàn ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n ibùdó ìdánwò ni ó ń pèsè ẹ̀rọ. Ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré sì tó láti fi ṣe é láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú, S nígbà tí ó bá parí, àti R láti padà. Ohun tí ọmọ yìí nílò ni kí ojú rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì mọ bí a ṣe ń fi àkókò ṣọ́ra. Bí ó bá lọ gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni, fún oṣù méjì, ó tó. Kí òbí rẹ̀ dúró.

Èkejì, ọmọ tí ó ti rí ààyè wọ yunifásítì. Níbí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò sọ. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tàbí yíya àwòrán ilé, tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, lè nílò rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá, tàbí òfin, tàbí ìtàn, lè fi fóònù ka ìwé rẹ̀, kí ó sì lọ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní káfè fún ọdún kan tàbí méjì. Kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní ọdún kejì ní ẹ̀ka rẹ̀ gan-an: "Kí ni ẹ fi láptọ́ọ̀pù ṣe ní ọdún tó kọjá?" Bí wọn kò bá rí ìdáhùn pàtó fún un, ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ, tàbí tí ó ti ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ nínú ìmọ̀ Lárúbáwá. Fún ẹni yìí, al-Maktaba ash-Shāmila nìkan tó láti mú kí ó ra kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tafsīr, hadīth, fiqh àti èdè ni ó wà nínú rẹ̀, tí a bá sì ti gbà á sórí ẹ̀rọ, kò nílò dátà mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé púpọ̀ lè rí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí àwọn alfa wa àtijọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Iṣẹ́ ti dé fún ẹni yìí. Kí ó má dúró.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ṣẹ́ tí yóò mú owó wọlé: iṣẹ́ ìwé títẹ̀, yíya àwòrán ìpolówó, ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò. Bí ó bá ti ní ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọ, tí ó sì ti fi kọ̀ǹpútà ọ̀gá ṣe iṣẹ́ fún oṣù bíi mẹ́ta láìsá, ẹ rà á fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ná.

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Òbí tí ó bá fẹ́ fi ojú owó wò ó, kí ó béèrè pé: "Èló ni àìní rẹ̀ ń ná wa lóṣooṣù?" Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ọmọ bá ń ná ₦5,000 lóṣù ní káfè àti lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tẹ̀wé fún un, ₦60,000 ni lọ́dún. Bí láptọ́ọ̀pù tí ó bá a mu bá jẹ́ ₦300,000, ó di ọdún márùn-ún kí ó tó san ara rẹ̀ padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ná ₦25,000 lóṣù, ọdún kan péré ni yóò fi san ara rẹ̀ padà, ìdúró sì ti di òfò. Kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ sí i.

Ohun tí ó tún ṣáájú ìṣirò yìí ni ètò ohun tí a ó kọ́kọ́ san. Owó ìgbàwọlé àti owó ilé-ìwé ni ó ṣáájú, ibùgbé ni ó tẹ̀lé e, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni ó tẹ̀lé ìyẹn, láptọ́ọ̀pù ni ó gbẹ̀yìn. Ọmọ tí ó ní láptọ́ọ̀pù tí kò rí owó ìgbàwọlé san ní ọjọ́ tí wọ́n dá ti pàdánù ààyè rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì lè gbà á padà fún un. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá NELFUND sílẹ̀, tí ó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga ti ìjọba ní owó láìsí èlé lórí rẹ̀. Ilé-ìwé gan-an ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Bí ọmọ bá rí èyí gbà, owó tí òbí ti tọ́jú lè ráyè fún láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i gbà ná kí wọ́n tó ná an. Gbèsè sì ni, a ó san án padà.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ Á

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, tòkunbọ̀ ni agbára wa ká, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ sí Computer Village ní Ikeja, àwọn mìíràn máa ń lọ sí Ikota Shopping Complex tí ó wà nítòsí wa. Ti Ikeja ní ọjà púpọ̀ láti fi wéra, ti Ikota sì rọrùn láti dá padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ wo nǹkan márùn-ún yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Àkọ́kọ́ ni ìran ọpọlọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Intel, ẹ wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7. Bí wọ́n bá kọ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, Windows 11 yóò gbà á. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U, ìran kẹfà ni, kò sí lára èyí tí Microsoft fọwọ́ sí fún un. Bí ó bá jẹ́ 10 tàbí 11 ni ó bẹ̀rẹ̀, bíi i5-10210U tàbí i5-1135G7, ìran kẹwàá àti ìkọkànlá nìyẹn. Èyí tí kò tó ìran kẹjọ ṣì lè wúlò fún ìwé títẹ̀ àti ìwé kíkà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ti àwọn yòókù dáadáa.

Ìkejì ni RAM àti ibi ìkóǹkanpamọ́. Kí RAM jẹ́ 8GB. 4GB ni ìwọ̀n tí ó kéré jù fún Windows 11, yóò sì máa wọ́. Kí ibi ìkóǹkanpamọ́ jẹ́ SSD.

Ìkẹta ni bátìrì. Ẹ ní kí olùtajà ṣí Command Prompt, kí ó tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé kan yóò jáde. Níbi tí wọ́n kọ Design Capacity sí ni agbára tí bátìrì ní nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Níbi tí wọ́n kọ Full Charge Capacity sí ni agbára tí ó kù. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 40,000 tí èkejì sì jẹ́ 20,000, ìdajì ti lọ. Ẹ fi owó bátìrì tuntun sínú ìnájà yín.

Ìkẹrin ni títì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé òkè òkun. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án lójú yín, kí ó sì wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí olùtajà kò mọ̀, tàbí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan yọ lójú rẹ̀ pé òun ni ó ni í, ẹ fi sílẹ̀.

Ìkarùn-ún ni ti èdè Lárúbáwá. Ẹ má san owó lé e nítorí pé kò ní lẹ́tà Lárúbáwá lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Gbogbo Windows ni a lè fi Lárúbáwá kún nínú ètò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìlẹ̀mọ́ lẹ́tà kò sì wọ́n.

Nípa iná, kí ẹ̀rù má bà yín jù. Nígbà tí owó iná Band A di ₦225 lórí ẹyọ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, láptọ́ọ̀pù tí ó ń jẹ 45 wáàtì fún wákàtí márùn-ún kò jẹ ju nǹkan bí ₦50 lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni ó ń jẹ owó, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Àmọ́ àárín òkun àti ọ̀sà ni àwa ń gbé. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ irin, omi òjò sì ń wọ ilé. Kí ọmọ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóru ní ìgbà òjò.

NÍ TI SÍSAN DÍẸ̀DÍẸ̀

Àwọn òbí ń béèrè bóyá a lè rà á kí a sì máa san án díẹ̀díẹ̀, nígbà tí iye rẹ̀ bá ju ti ẹni tí ó san lójú ẹsẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí à ń pè ní Majmaʿ al-Fiqh al-Islāmī jókòó ní Jeddah lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ó tọ́ kí iye ọjà àwìn ju ti ojú ẹsẹ̀ lọ, bí olùtajà àti olùrà bá ti fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo àti ọjọ́ tí wọn yóò san án kí wọ́n tó ya ara wọn. Ṣùgbọ́n bí olùrà bá pẹ́ kí ó tó san, kò tọ́ kí wọ́n fi kún gbèsè rẹ̀. Ìyẹn ni ribā. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìparí. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé owó yóò máa gun ara wọn bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni owó orí fóònù tí wọ́n ń yá ènìyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí èlé rẹ̀ ń sáré ju ẹṣin lọ. Kò sí láptọ́ọ̀pù tí ó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ wọ inú ìyẹn.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ DÚRÓ

Ìdúró kì í ṣe kí a jókòó lásán. Kí ẹ dá ọjọ́ fún un, bí àpẹẹrẹ, "ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì." Kí ẹ dá àjọ sílẹ̀ fún un ní orúkọ rẹ̀, kí ó má sì dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Bí owó náà bá ti pé kí ọjọ́ tó pé, tí iṣẹ́ sì ti dé, ẹ rà á. Kí ọmọ kọ́ bí a ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé kí ó tó ní tirẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n ni yóò jèrè ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ kìíní. Bí ọmọ méjì bá sì wà nínú ilé tí àwọn méjèèjì nílò rẹ̀ níwọ̀nba, kí wọ́n ra ẹyọ kan tí ó dára, kí wọ́n pín àkókò rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Kí a má ṣe sọ ọ́ di ti ọkùnrin nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọbìnrin ni iṣẹ́ ti dé bá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Kí ẹ tó sọ fún òbí pé ẹ fẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ó fi ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sórí ìwé, kí ẹ gbé e fún wọn. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, òbí yóò mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ ẹ torí pé ọ̀rẹ́ yín ní i. Bí ẹ kò bá rí i kọ, ẹ jẹ́ kí owó náà máa wà nínú àjọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí owó àwọn òbí wọn. Àmín.